Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Darí Ilé Nígbà Tí Ogun Bá Yà Wọ́n

Ọ̀nà mẹ́ta ni ogun sábà máa ń gbà ya tọkọtaya: ọ̀kan wọṣẹ́ ológun, tàbí ọ̀kan sá àsálà tí èkejì kò rọ́nà tẹ̀ lé e, tàbí wọ́n mú ọ̀kan nígbèkùn. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé kò ní dúró de ẹnì kankan. Owó ilé á pé, ara ọmọ á gbóná, òrùlé á jò, ẹni tí a jẹ lówó á wá kan ilẹ̀kùn.

Lójú tèmi, ohun tó ń tú ọ̀pọ̀ ilé ká nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìlówó nìkan. Àṣẹ ni kò sí lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé. Ó kọ lẹ́tà pé kí ni kí òun ṣe, ó jókòó ti èsì, nígbà tí èsì á sì fi dé, nǹkan ti bàjẹ́ tán. Ẹni tó lọ náà ń pàṣẹ lórí ohun tí kò fojú rí. Ibi tí gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lọ kò ju ọ̀kan lọ: kí àṣẹ wà níbi tí ọ̀rọ̀ wà, kí ìròyìn sì máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà. "Ẹni tó wà nílé" àti "ẹni tó lọ" ni mo máa lò, torí pé kì í ṣe ọkọ nìkan ni ogun ń gbé lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pín àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbéra

Ẹ jọ jókòó, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ máa ń pinnu nílé láàárín ọdún kan sílẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyíkéyìí: owó ilé ìwé, àtúnṣe ọkọ̀, ta la lè yá lówó, ta ló lè wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta.

Ìpín àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹni tó wà nílé á dá ṣe, tí kò sì pọn dandan kó ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ, aṣọ, ìwòsàn, àtúnṣe kékeré, gbogbo wọn bọ́ síbẹ̀. Ìpín kejì ni ohun tó á kọ́kọ́ ṣe, tó á wá fi tó èkejì létí lẹ́yìn náà: kíkó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, pípààrọ̀ ilé ìwé ọmọ, títa ẹrù ilé. Ìpín kẹta ni ohun tó gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì: títa ilé tàbí ilẹ̀, yíyá owó ńlá, kíkó àwọn ọmọ kọjá ẹnubodè.

Ìpín kẹta yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bó bá ti ju nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹni tó ń lọ kò tíì fún èkejì láṣẹ, iṣẹ́ ló kàn gbé fún un. Kí ẹ sì fi gbèdéke sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fẹnu kò pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí èsì kò dé, ẹni tó wà nílé á ṣe ohun tó bá rí pé ó tọ́, èkejì kò sì ní padà wá bi í pé ta ló ní kó ṣe é. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, bí ìbọn ṣe ń sún mọ́ àdúgbò, kò sí gbèdéke kankan níbẹ̀: kó kó àwọn ọmọ kó máa lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn Amẹ́ríkà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Nígbà ogun òmìnira wọn, John Adams, tó wá di ààrẹ wọn kejì lẹ́yìn náà, wà ní Philadelphia níbi tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú wọn ti ń jókòó, Abigail ìyàwó rẹ̀ wà lórí oko wọn ní Braintree, ní Massachusetts, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ní oṣù Keje ọdún 1776, oṣù tí wọ́n kéde òmìnira gan-an, àrùn ìgbóná ń jà níbẹ̀. Abigail kó àwọn ọmọ lọ sí Boston kí wọ́n lọ gbin díẹ̀ nínú àrùn náà sí wọn lára, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà yẹn kó má bàa pa ènìyàn. Ewu wà níbẹ̀. Ìpinnu tó le ni, lórí ẹ̀mí ọmọ mẹ́rin, bàbá wọn kò sì sí nítòsí. Bó bá ní kí òun máa dúró de lẹ́tà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àrùn kò ní bá a dúró.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ẹni tó ń lọ jẹ́ kó yé èkejì látẹnu ara rẹ̀ pé irú ìjẹ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lòun ń fẹ́. Kó sọ ọ́ lójú àwọn ẹbí pẹ̀lú, torí pé àwọn ìbátan ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi òfin ti àṣẹ náà lẹ́yìn

Àdéhùn ẹnu kò wúlò ní báńkì. Lábẹ́ òfin ayé Abigail, obìnrin tó ti lọ́kọ kò lè ní ohun ìní lórúkọ ara rẹ̀, nítorí náà orúkọ ọkọ tàbí ti ọkùnrin mìíràn nínú ẹbí ló ní láti máa lò fún òwò. Lóde òní ìṣòro náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí àkáǹtì bá wà lórúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ibi kan náà la já sí.

Ìwé tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé agbára aṣojú, tí lọ́yà máa ń kọ, tó fún ẹni tó wà nílé láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ èkejì. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ lọ́yà. Ṣé agbára tó wà nínú rẹ̀ dé orí ilé àti ilẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ibi, àfi kí wọ́n dárúkọ ilẹ̀ náà pàtó kí a tó lè tà á. Ọjọ́ wo ló máa kásẹ̀ nílẹ̀? Ogun kì í parí lọ́jọ́ tí a rò, nítorí náà ẹ má fi í sí oṣù mẹ́fà. Bí ẹni tó lọ bá fara gbọgbẹ́ tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, ṣé ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́? Níbòmíràn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ìkẹrin, ṣé báńkì wa yóò gbà á? Ẹ mú un lọ síbẹ̀ kí ẹni tó ń lọ tó lọ, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ ohun tó kù.

Ìwé yìí kú ní ọjọ́ tí ẹni tó fi í fún èkejì láṣẹ bá kú. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìhágún fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní a kì í fẹnu pe ibi. Ṣùgbọ́n opó tó ń wá ìwé kiri báńkì nígbà ogun ń rí ìyà méjì pọ̀ ni.

Kí ẹ wá kó gbogbo ìwé sínú àpò kan tí omi kò lè wọ̀: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ, ìwé ìrìnnà, ìwé ilé, nọ́ńbà iṣẹ́ ológun, ìwé gbèsè, ìwé àjẹsára. Kí àdàkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò sí ní ìlú kan náà pẹ̀lú yín, kí àwòrán rẹ̀ sì wà níbi tí ẹ lè ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpò yìí ni ẹni tó wà nílé á kọ́kọ́ gbé bí ìlú bá dàrú, kó tó gbé aṣọ.

Bí ẹni tó lọ bá ti lọ kí ẹ tó rí ìwé ṣe, tàbí tó ti wà lẹ́wọ̀n ogun, ọ̀nà ṣì wà. Àdéhùn Geneva kẹta ti ọdún 1949, ìyẹn òfin àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹlẹ́wọ̀n ogun, sọ nínú abala 77 pé ìjọba tó mú ẹlẹ́wọ̀n ogun gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lè fi ìwé ránṣẹ́ sílé, pàápàá ìwé agbára aṣojú àti ìwé ìhágún, kí ó sì jẹ́ kó rí lọ́yà bá sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Owó

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó ń wọlé àti ọjọ́ tó ń wọlé. Lójú ewé kejì, ẹ kọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ lówó, gbogbo ẹni tó jẹ yín, iye rẹ̀ àti àdéhùn. Gbèsè tí ọ̀kan nínú yín ń fi pa mọ́, ìsinsìnyí ni kó sọ ọ́. Ó sàn kí ẹ bá ara yín jà lórí rẹ̀ nílé ju kí olówó wá já a fún ẹni tó dá wà.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ológun lẹnì kan ń lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè máa yọ lára owó oṣù rẹ̀ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí dára ju kí ẹni tó lọ máa fi owó ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ọjọ́ tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí tí wọ́n bá ń jà, ebi kò ní dá ilé sí. Ẹ béèrè bákan náà bóyá òfin fún ológun ní ìrọ̀rùn lórí gbèsè. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, òfin ọdún 2003 kan dín èlé orí gbèsè tí ènìyàn jẹ kó tó wọṣẹ́ ológun kù sí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n olówó kò ní dín in fún ẹni tí kò bá kọ̀wé béèrè. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè wà níbi tí ẹ wà, kò sì sẹ́ni tó máa wá sọ fún yín.

Owó tún máa ń di bébà nígbà ogun. Ní ọdún 1775, Abigail kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ pé pínnì tí wọ́n fi ń so aṣọ pọ̀, tí àwọn máa ń ra ní ṣílè 7 àti pẹ́ńsì 6 ti di ṣílè 20, kò tilẹ̀ sí lọ́jà. Ó ní kó bá òun ra pínnì wá láti Philadelphia. Nígbà tó fi máa di 1780, ìjọba wọn fúnra rẹ̀ gbà pé dọ́là bébà 40 ni yóò máa dúró fún dọ́là fàdákà 1. Nígbà tí John bọ́ sí Yúróòpù fún iṣẹ́ ìjọba, ọjà ló ń fi ránṣẹ́ sílé dípò owó: aṣọ ìnujú, ríbọ́nnì, àwo. Abigail ń ta á, ilé sì ń jẹun. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa rọrùn: bí owó ìlú bá ń já wálẹ̀, kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ jọ púpọ̀. Ẹ san gbèsè, ẹ san owó ilé ṣáájú, ẹ ra ohun tí kì í bàjẹ́ tí àwọn ènìyàn kò lè ṣe aláìlò, kí ẹni tó wà níbi tí owó ti lágbára sì máa fi ohun tó níye lórí ránṣẹ́ bí ọ̀nà bá wà.

Kò yẹ kí ẹni tó wà nílé gbé gbogbo owó síbì kan. Díẹ̀ lọ́wọ́, díẹ̀ ní báńkì, díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán níbòmíràn. Kí owó ìrìnnà tó lè gbé gbogbo ilé jáde wà lọ́tọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ayẹyẹ kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ẹ ó ṣe máa kọ̀wé

Ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo lẹ́tà, àní bó jẹ́ lórí fóònù lẹ ti ń kọ̀wé. Nígbà ogun, lẹ́tà kẹwàá lè ṣáájú ìkẹjọ dé, òmíràn á sì sọnù pátápátá. Bí nọ́ńbà kò bá sí, ẹnì kan á rò pé èkejì ń yẹ ìbéèrè òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i gbà rárá. Kí gbogbo lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti nọ́ńbà èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn.

Ẹ ya ọ̀rọ̀ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ọkàn. Ọ̀rọ̀ ilé ni kó ṣáájú, ní kúkúrú, kí ẹni tó wà lójú ogun lè dáhùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè rí báyìí:

"Lẹ́tà 14. Mo ti gba 9 àti 10 tí ẹ kọ, mi ò tíì rí 8.
Mo ti san owó ilé dé ìparí oṣù Kẹfà.
Òrùlé yàrá ẹ̀yìn jò. Mo ti tún un ṣe, owó bẹ́ẹ̀dì tí a tọ́jú ni mo fi ṣe é.
Àbúrò yín wá yá owó. Mo ní kò sí. Bó bá kọ̀wé sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan náà ni kí ẹ sọ fún un.
Ọ̀rọ̀ kan ló ń dúró dè yín: kí n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ 20, a ó lọ."

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó sọ ọjọ́, ó sì sọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa túmọ̀ sí. Ẹni tó ń kọ "kí ni ká ṣe o?" kò béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá sọ ìfẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ọmọ kékeré sọ lánàá, kí ẹ ráhùn bó bá wù yín.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, lẹ́tà kò sì lójú. Bí inú bá bí yín, ẹ kọ ọ́ lálẹ́, kí ẹ tún un kà láàárọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó lọ ní láti ṣọ́ èyí ju èkejì lọ: ìbéèrè kan ṣoṣo bí "kí ló dé tí o fi ta àga yẹn?" lè mú kí ẹni tó wà nílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pa mọ́. Bí ohun tó ti ṣe kò bá ṣeé yí padà, ẹ dúpẹ́ kí ẹ kọjá.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ: orúkọ ibùdó, iye ọmọ ogun, ibi tí wọ́n ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ẹ pa ohun tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà lórí fóònù, kí ẹ tó ya àwòrán. Ní oṣù Kínní ọdún 2018, àwòrán ayé kan tí ilé iṣẹ́ Strava, tó ní áàpù tí àwọn tó ń sáré ṣeré máa ń lò, gbé jáde, tó ń fi ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sáré ṣeré hàn, tú àṣírí àwọn ibùdó ológun síta, torí pé àwọn ọmọ ogun ń lo áàpù náà bí wọ́n ṣe ń sáré yí ibùdó wọn ká. Ẹni tó wà nílé náà kò gbọ́dọ̀ gbé e sórí ìkànnì pé òun nìkan ló wà nílé.

Bí ọ̀nà lẹ́tà bá dí pátápátá, Àjọ Alágbèélébùú Pupa, ìyẹn Red Cross, ń gbé ìwé kúkúrú kọjá láàárín ìdílé. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan ni wọ́n ń gbà, ìwé náà kì í wà ní pípadé, wọ́n sì máa ń kà á. Àdéhùn Geneva kẹrin, abala 25, gbà pé gbogbo ènìyàn tó wà nílẹ̀ ogun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀. Bí ìjọba bá tiẹ̀ fẹ́ dín in kù, kò gbọ́dọ̀ kéré sí fọ́ọ̀mù kan lóṣù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 25 tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nísinsìnyí kí ogun tó fi dandan lé e: ẹ fi ọ̀rọ̀ 25 sọ ipò tí ilé wà. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tó ṣe pàtàkì gan-an sí yín.

Àwọn ọmọ

Ẹ má purọ́ fún wọn, ẹ má sì sọ gbogbo rẹ̀. Kí ẹni tó lọ máa kọ ìlà kan sí ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹni tó wà nílé ni kó bá a wí. Ẹ má fi ìbáwí pamọ́ de ẹni tó wà lójú ogun, torí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọjọ́ tí òbí rẹ̀ máa dé. Ẹ má sì sọ ọmọ àgbà di ọkọ tàbí ìyàwó ilé: ó lè ran yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kẹ́ ẹ máa bá jíròrò gbèsè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ìròyìn bá dáwọ́ dúró

Kí ẹ ti ní àdéhùn tẹ́lẹ̀ lórí iye ọjọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa fi jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ológun tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tọ́jú àdàkọ. Kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì Red Cross tó wà ní orílẹ̀-èdè yín, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín wá a. Wọn kì í gbowó. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tí ẹ ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn àti àmì ara rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ. Àjọ náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1870. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní nìkan, káàdì tí wọ́n kọ orúkọ sí ní Geneva tó mílíọ̀nù 7.

Bó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ogun ló bọ́ sí, Àdéhùn Geneva kẹta ní kí wọ́n jẹ́ kó kọ káàdì sílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó bá dé àgọ́. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà méjì àti káàdì mẹ́rin lóṣù ni ó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á láyè láti kọ. Ó tún lẹ́tọ̀ọ́ láti fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bọ́. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìjọba ló ń pa òfin náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè bèèrè fún un.

Àwọn gbájúẹ̀ máa ń dé lásìkò yìí gan-an. Wọ́n á pè pé ọkọ yín wà lọ́wọ́ àwọn, ẹ san owó báyìí. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti ní ìbéèrè kan tí ẹ̀yin nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀, tí kò sí lórí ìkànnì kankan. Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹni yín ti kú, ẹ má fọwọ́ sí i láìbá lọ́yà sọ̀rọ̀. Owó oṣù ẹni tí a kò rí yàtọ̀ sí ti ẹni tó kú, ìwé agbára aṣojú tí ẹ ń lò sì lè parí lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé ẹjọ́ lè fún ẹni tó wà nílé láṣẹ láti máa bójú tó ohun ìní ẹni tí a ń wá láìpè é ní òkú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tó bá dé

Ibí ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó dé fẹ́ padà sí àyè rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹni tó wà nílé ti ń darí ilé fún ọdún méjì, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fún ara yín ní oṣù kan tí ohunkóhun kò ní yí padà: ẹni tó ń san owó náà ló ń san án, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé ìwé náà ló ń fọwọ́ sí i. Kí ẹni tó dé kọ́kọ́ ka ìwé àkọsílẹ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó béèrè ohun tí kò yé e, kó má ṣe ìdájọ́.

Lẹ́yìn oṣù náà, ẹ mú ìpín mẹ́ta ti ìgbésẹ̀ kìíní jáde, kí ẹ tún un pín. Ẹ máa rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kó padà sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀. John Adams fẹ́ràn kó máa ra ilẹ̀. Abigail ní tirẹ̀ rí i pé ìwé gbèsè ìjọba ń mú èrè wá ju ilẹ̀ lọ, ó sì ń fi owó wọn rà á. Bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín yín, ẹ wo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹni tí owó pọ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó máa bójú tó o lọ.

Kí ẹ wá padà sọ́dọ̀ lọ́yà, kí ẹ fi ìwé fagi lé agbára aṣojú tí ẹ kò bá nílò mọ́, kí ẹ sì fi tó báńkì àti gbogbo ibi tí ẹ ti lò ó létí, nítorí àdàkọ rẹ̀ lè ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.